Ẹ̀gbá ni wá àbí Ìjẹ̀ṣà? Ìdáhùn fún ọmọ Sàró tó ń wá orírun bàbá rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Súrùlérè ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Olówógbówó ní Erékùṣù Èkó ni ilé bàbá wa. Orúkọ òyìnbó là ń jẹ́. Ohun tí a gbọ́ ni pé ọmọ Sàró ni bàbá tó bí bàbá bàbá mi, pé káfíńtà ni, àti pé nǹkan bí ọdún 1875 ló dé sí Èkó láti Freetown ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí à ń pè ní Sàró. Bíbélì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé Hastings ni wọ́n bí i sí ní 1848, wọ́n wá to orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèje tẹ̀lé e. Àbúrò bàbá mi ní Ẹ̀gbá ni wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti pé ọmọ ọdún 91, ní irọ́ ni, Ìjẹ̀ṣà ni wá. Èmi náà sì rántí pé ìyá tó bí bàbá mi máa ń kì wá láàárọ̀ pé "Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀". Mi ò rántí ìyókù. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní London ti fẹ́ san owó àyẹ̀wò DNA. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o, ìyá wa. Kí n tó dárúkọ ìwé kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fura sí: ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà yín méjèèjì máa sọ òótọ́. Ewé Bíbélì yẹn ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Láti 1808 ni wọ́n ti ń kó àwọn tí ọkọ̀ ogun wọn bá gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lójú òkun lọ sí Freetown. Àárín 1820 sí 1850 ni àwọn èèyàn tiwa pọ̀ níbẹ̀ jù, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, tí wọ́n ti pa Òwu run, tí ogun sì ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Hastings jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn abúlé ẹ̀bá Freetown tí irú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Samuel Johnson tó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá sí ní 1846, ọdún méjì péré ṣáájú bàbá yín káfíńtà. Bóyá wọ́n tiẹ̀ jọ ta òkòtó pọ̀.

Ẹni tí wọ́n bí sí Hastings ní 1848 kò wọ ọkọ̀ ẹrú rí. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ló ṣeé ṣe kí wọ́n wọ̀ ọ́. Èèyàn méjì lẹ ń wá, kì í ṣe ẹnì kan, kò sì sí ohun tó ní kí àwọn méjèèjì ti ìlú kan náà wá. Ní Freetown, gbogbo ẹni tó bá ti ń sọ èdè wa ni wọ́n ń pè ní Àkú, nítorí "ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún" tí a fi ń kí ara wa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀yọ́ fẹ́ Ìjẹ̀ṣà níbẹ̀, Ẹ̀gbá fẹ́ Ìjẹ̀bú. Ẹ wo James Johnson, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit l'Ékòó tó di bíṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn: ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí, ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, èkejì jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Bí àwọn ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ bá jókòó lónìí, tí ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú ni wá, tí òmíràn ní Ìjẹ̀ṣà ni wá, ta lẹ máa ní ó purọ́?

Torí náà, ẹ pín ìbéèrè yín sí méjì. Ta ni bàbá ọmọ Hastings yìí? Ta ni ìyá rẹ̀?

Kì í ṣe London lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá yín ni. Ìwé tó wà ní Birmingham tàbí Freetown á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, màmá ẹni ọdún 91 kọ́ la lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ ò bá tiẹ̀ mọ káfíńtà yẹn, ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Àárín ẹ̀yin àti ẹni tó fojú rí bàbá yẹn, ẹnu kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń bi àgbà léèrè ló ṣe kókó. Bí ẹ bá ní, "Màmá, níbo la ti wá?", ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ sórí ni wọ́n máa kà fún yín: Ìjẹ̀ṣà ni wá, ó tán. Ẹ má bi wọ́n ní ibi tí ẹ ti wá. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn rí. Nígbà tí bàbá tó bí wọn kú, àwọn wo ló wá láti òkè, mọ́tò wo ni wọ́n bá wá, ta ló gbà wọ́n sílé? Ta ni wọ́n máa ń gé aṣọ ẹbí fún nígbàkigbà tí a bá ń ṣe nǹkan, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ bó ṣe bá wa tan? Kí ni wọn kì í jẹ nínú ilé yẹn, tí wọ́n sì máa ń na ọmọ tó bá jẹ ẹ́ níta? Kí lorúkọ tí wọ́n ń pe bàbá àgbà nínú ilé, yàtọ̀ sí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì? Bí wọ́n bá ń bínú, èdè wo ni wọ́n fi ń bú èèyàn? (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ilé tí gbogbo nǹkan ti di ti Èkó tán, àfi èébú tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà.)

Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ òde. Ẹ mú nǹkan lọ́wọ́. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tan fóònù yín láti gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì mú fọ́tò àtijọ́ dání, nítorí ojú èèyàn inú fọ́tò máa ń fa ọ̀rọ̀ jáde ju ìbéèrè lọ. Ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ẹ bi wọ́n ní ohun kan náà. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́ẹ̀mejì tí kò yẹ̀ ni kí ẹ fi igi sí nídìí.

Ẹ dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá yín náà, tó ní Ẹ̀gbá ni yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó fún un: Ẹ̀gbá wo? Kò sẹ́ni tó jẹ́ Ẹ̀gbá lásán. Ẹ̀gbá Aláké wà, Òkè-Ọnà wà, Gbágùrá wà, Òwu náà wà pẹ̀lú wọn l'Ábẹ́òkúta. Nínú wọn lẹ ti máa gbọ́ Kémta, Ìjẹùn, Ìtòkò, Ìkìjà, Ìgbẹ̀ìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn ìlú àtijọ́ gbé orúkọ wọn dání wá sábẹ́ òkúta ni. Bí wọ́n bá dárúkọ ìlú, ọ̀rọ̀ ti ń lójú. Bí wọ́n bá ní, "Ẹ̀gbá ṣáà ni, Abẹ́òkúta," ó jọ pé ibi tí ẹnì kan gbé rí ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni fún màmá: Ìjẹ̀ṣà wo? Iléṣà gan-an ni, àbí Ìbòkun, àbí Ìpetu, àbí Ẹ̀sà-Òkè?

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé Abẹ́òkúta ni ibùdó ọ̀pọ̀ Sàró tí kì í ṣe Ẹ̀gbá rárá. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ni Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣoogùn ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun l'Ékòó. Oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí kò fojú kan ìyá rẹ̀, Abẹ́òkúta ló ti rí i. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ ni ìyá náà wá ń gbé, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi. Bí ẹnì kan bá wá gbé ìtàn ilé náà ka orí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Abẹ́òkúta nìkan, Ẹ̀gbá ni yóò pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọmọ Òṣoogùn ni wọ́n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ òyìnbó tí ẹ ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wá ẹbí. Àwọn míṣọ́nnárì, àwọn olóore tó fowó ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, àwọn gómìnà, orúkọ wọn ni wọ́n fi ń sọ àwọn èèyàn nígbà ìrìbọmi. Crowther fúnra rẹ̀, orúkọ àlùfáà kan ní London ni wọ́n fún un lọ́jọ́ ìrìbọmi rẹ̀ ní 1825. Samuel Johnson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìran Ọ̀yọ́ ni, wọ́n sì ní ó tan mọ́ Aláàfin Abíọ́dún. Kò bá James Johnson tan rárá. Haastrup tí ẹ ń gbọ́, òyìnbó pọ́ńbélé lorúkọ náà, síbẹ̀ ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló jọba n'Íléṣà ní 1896, tí wọ́n ń pè é ní Ọwá Ajímókò.

Èmi náà jìn sí kòtò yìí rí. Nígbà tí mò ń wá ìdílé ìyá ìyá mi, mo fi ọdún méjì gbáko tẹ̀lé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú wa, tó gbé àdúgbò kan náà, tó tún ṣe iṣẹ́ télọ̀ bíi ti bàbá wa. Mo ti ya igi ìdílé, mo ti fi han àwọn ẹbí, wọ́n ti ṣàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo wá rí ìwé ìgbéyàwó ọkùnrin náà ni mo rí i pé ọmọ Ìbò ni bàbá rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ fún àwọn ẹbí títí oṣù mẹ́ta fi kọjá.

Ẹ tún rántí pé láti àwọn ọdún 1880 lọ ni àwọn Sàró kan ti ń bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Mojọlá Àgbébí, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi, David Brown Vincent ló ń jẹ́ kó tó yí i padà ní 1894. Ẹ̀gbọ́n lè yí orúkọ padà kí àbúrò má yí i. Nítorí náà, nínú àwọn ọmọ méje inú Bíbélì yín, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti bí ẹ̀ka tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn lónìí, tí ẹ kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni yín.

Ẹ gbé Bíbélì náà lọ sójú fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ wo ìkọ̀wé rẹ̀ dáadáa. Bí orúkọ ọmọ méjèèje bá jẹ́ tàdáwà kan náà, tí ọwọ́ náà kò yí padà, ọjọ́ kan ni wọ́n jókòó kọ gbogbo rẹ̀, orí ni wọ́n sì fi rántí. Ọjọ́ ìbí lè fi ọdún kan tàbí méjì yẹ̀. Bí tàdáwà bá ń yàtọ̀, tí lẹ́tà sì ń tóbi sí i bí ojú ẹni tó ń kọ ọ́ ṣe ń rẹ̀wẹ̀sì, a jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń bímọ ni wọ́n ń kọ ọ́. Irú èyí lẹ lè gbára lé. Ẹ ṣí i lọ sí ibi tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n tẹ Bíbélì náà. Bó bá jẹ́ 1885 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n tó kọ 1848 yẹn síbẹ̀. Kí ẹ sì rọra gbọn ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti bá ègé ìwé ìròyìn pàdé nínú irú Bíbélì bẹ́ẹ̀, mo ti bá ìwé ìsìnkú, mo ti bá tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń fún ọmọ ìjọ. Tíkẹ́ẹ̀tì kékeré bẹ́ẹ̀ á sọ fún yín bóyá Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá yín, tàbí ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ohun tí ẹ ò sì gbọdọ̀ máà mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Bí orúkọ àbísọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òyìnbó àwọn ọmọ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó, fún àpẹẹrẹ, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló sábà máa ń tọ́ka sí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ifá tàbí Ògún kò ní ìlú tí kò sí.

Mo mọ̀ pé oríkì yẹn lẹ ti ń retí kí n dé. Òun ló dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín.

Ìyẹ̀rú Ọ̀kín kì í ṣe ti Ẹ̀gbá, kì í sì í ṣe ti Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀fà ni. Àwọn ni a ń kì pé ìjàkadì lorò wọn. Ẹ má tíì sọ pé ọmọ Ọ̀fà ni yín o. Oríkì orílẹ̀ máa ń bá èèyàn rìn ni, ogun lè gbé ọmọ Ọ̀fà dé ibikíbi kí ó di ọmọ ibẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa jẹ́ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín lọ. Ìbéèrè tó tún ju ìyẹn lọ ni pé oríkì ta ni ìyá àgbà ń kì? Ìyàwó ilé ni wọ́n. Obìnrin tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́ oríkì ilé ọkọ kó lè fi kí ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà gbé oríkì ilé bàbá tirẹ̀ wá láti ilé, tí ọmọ bá sì ń sunkún lóru, èyí tó bá kọ́kọ́ wá sẹ́nu ló máa fi rẹ̀ ẹ́. Bí ilé ọkọ bá wá jẹ́ ilé Sàró tí oríkì ti já dànù láàárín Hastings àti Olówógbówó, kí ni yóò kì fún àwọn ọmọ bí kò ṣe tirẹ̀? Tí ẹ bá ní kí n ta á, ti ìyá àgbà fúnra wọn ni màá kọ́kọ́ sọ pé ó jẹ́, kí ẹ tó fi hàn mí pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà mọ̀ nìyí. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n bàbá yín bóyá ìyá wọn máa ń fi oríkì yẹn kí ọkọ wọn, ìyẹn bàbá bàbá yín. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ nìkan ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀, tí ọkọ sì jẹ́ "bàbá" lásán, ilé bàbá ìyá àgbà lẹ ń gbọ́. Bó bá jẹ́ ọkọ gan-an ni wọ́n ń kì ní Ìyẹ̀rú Ọ̀kín bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, nígbà náà ẹ̀yin méjèèjì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà, ẹ jókòó, ẹ tún ọ̀rọ̀ yín rò. Kí ẹ má sì dí màmá lẹ́nu tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Oríkì kì í jáde tí a bá ń bi í ní ìbéèrè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlà kan, kí ẹ dákẹ́, wọ́n á gbà á lẹ́nu yín.

Ó yá, ìwé. Kì í ṣe ìwé ìrìbọmi ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá, ìwé ìgbéyàwó ni. Káfíńtà ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó dé Èkó ní 1875, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Èkó ló ti gbéyàwó. Rẹ́jísítà ìgbéyàwó tó bá tẹ̀lé fọ́ọ̀mù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àyè fún orúkọ bàbá ọkọ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìlà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n òun ló máa fà yín padà sí ẹni tó wọ ọkọ̀ ẹrú. Fún ẹni tó gbé Olówógbówó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà níbẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí Breadfruit, Holy Trinity ní Ẹbúté Ẹ̀rọ, St. Peter's Fájì àti Christ Church ní Marina. Ẹ kọ lẹ́tà sí àlùfáà ìjọ ṣáájú, ẹ sọ ọdún tí ẹ ń wá, láti 1875 sí 1890, kí ẹ má kàn yọ sí akọ̀wé lọ́jọ́ Sunday. Mo ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ikán ti jẹ rẹ́jísítà ọdún mẹ́wàá gbáko, èèpo rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù bí èèpo ẹ̀pà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀.

Ìwé ìhágún, èyí tí a ń pè ní wíìlì, ló tún kàn. Àwọn Sàró fẹ́ràn láti kọ wíìlì. Bí bàbá yín bá fi ilé sílẹ̀ l'Ólówógbówó, ẹ lọ béèrè ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ìwé ìhágún ní ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó. Nínú wíìlì lẹ ti lè bá gbólóhùn kan pàdé tí kò sí níbòmíràn: "mo fi pọ́n-ùn márùn-ún sílẹ̀ fún àbúrò mi tó wà ní ibi báyìí báyìí." Ibi báyìí báyìí yẹn gan-an lẹ ń wá. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó bíi Lagos Times tó bẹ̀rẹ̀ ní 1880, Lagos Observer ní 1882 àti Lagos Weekly Record ní 1891 náà máa ń gbé ìròyìn òkú àti ìgbéyàwó, ẹ lè rí wọn lórí máíkírófíìmù.

Ibojì ì bá ti ràn wá lọ́wọ́. Ibojì Àjẹ́lẹ̀ l'Ékòó, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ Sàró àti Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà wá) sí, tí òkúta wọn ní orúkọ àti ọdún lára, ìjọba wó o ní àwọn ọdún 1970. Inú ń bí mi sí i títí dòní. Ẹ bi àwọn àgbà bóyá ẹnì kan ya fọ́tò níbẹ̀ kí wọ́n tó wó o.

National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ìwé CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ti ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ẹ̀ka CSO 26 sì ni ẹ ti máa rí ìròyìn tí àwọn D.O., ìyẹn òyìnbó alákòóso agbègbè, kọ ní àwọn ọdún 1930 lórí ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan: àdúgbò, agboolé, ìdílé ọba. Kò ní dárúkọ bàbá yín, ẹ má lọ bá a nítorí ìyẹn. Ó máa wúlò nígbà tí ẹ bá ti ní orúkọ ìlú tàbí agboolé lọ́wọ́, tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá irú rẹ̀ wà. Ti CMS tó kù wà ní Yunifásítì Birmingham. Ọmọ yín tó wà ní London lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ kó sì padà lọ́jọ́ kan náà, ó sàn ju owó DNA tó fẹ́ kọ́kọ́ san lọ. Kó wá orúkọ àwọn olùkọ́ àti kátíkíìsì tó wà ní Hastings láàárín 1840 sí 1860, kó ka ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́. Wọ́n máa ń dárúkọ ọmọ ìjọ, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó sọ bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú.

Níkẹyìn ni àwọn rẹ́jísítà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú sí ní Freetown, tí ojúlówó wọn wà ní ilé ìwé ìtàn ìjọba Sierra Leone ní Fourah Bay College. Bí ọkọ̀ bá dé, akọ̀wé á to àwọn èèyàn: nọ́ńbà, orúkọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú díwọ̀n, gíga ní ẹsẹ̀ àti íǹṣì, àti àmì ara, ìyẹn ilà ojú tàbí àpá àyà. Orúkọ tó lé ní 91,000 láti inú irú rẹ́jísítà bẹ́ẹ̀ ti Freetown àti ti Havana ní Cuba ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, lórí ìkànnì SlaveVoyages, ní apá tí wọ́n ń pè ní African Origins. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sáré lọ síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n á tẹ orúkọ òyìnbó wọn sí i, tí wọn ò ní rí nǹkan kan.

Wọn ò ní rí i, nítorí orúkọ tí ìyá ẹni sọni ni wọ́n kọ sínú rẹ́jísítà náà. Orúkọ òyìnbó dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà ìrìbọmi, inú ìwé mìíràn ló sì wà. Àárín ìwé méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń kú. Ohun tó lè so wọ́n pọ̀ ni orúkọ ilé tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín bá rántí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá màmá nìyẹn. Bí wọ́n bá dárúkọ kan, ẹ fi ẹnu òyìnbó kà á kí ẹ tó wá a: Crowther fúnra rẹ̀, Adjai ló kọ Àjàyí. "Ṣ" á di S tàbí Sh, "gb" á di B, "ọ" á di O, A tàbí AW. Bí ẹ bá rí Òjó tàbí Àìná ogún níbẹ̀, ẹ má yan ọ̀kan nínú wọn torí pé ó wù yín. Ọmọ tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n pọ̀ bí eṣú.

Ní ti DNA, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Àbájáde rẹ̀ á kọ Nàìjíríà, á kọ Benin àti Tógò, á fi ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Kò lè ya Ìjẹ̀ṣà sọ́tọ̀ kúrò lára Ẹ̀gbá. Ibi tó wúlò ni àwọn ìbátan tó máa ń gbé jáde: ará Freetown, ará Bahia ní Brazil, ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n tà sínú ọkọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n itọ́ ọmọ yín kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ti màmá ni. Ìlàjì ni ọmọ ń gbà lára òbí kọ̀ọ̀kan. Ohun tí màmá ní lára ẹni tó wọ ọkọ̀ ẹrú tó nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́jọ. Ti ẹ̀yin jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rìndínlógún, ti ọmọ yín ẹyọ kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ ṣàlàyé fún màmá dáadáa ṣá o, kí wọ́n tó fi itọ́ wọn ránṣẹ́ sókè òkun, kí ẹnì kan má baà sọ fún wọn lẹ́yìn pé ẹ ti fi wọ́n ṣoògùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kí òun bá yín wá ìdílé ọba tí ẹ ti ṣẹ̀, ẹ dágbére fún un. Gbogbo ẹni tí irú wọn bá bá ṣiṣẹ́ ló máa ń di ọmọ ọba, n kò rí ọ̀kan rí tó di ọmọ alágbẹ̀dẹ.

Ọjọ́ tí ẹ bá sì rí ìlú náà, tí ẹ fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ mọ ohun kan kí ẹ tó gbéra: wọ́n á rò pé ilẹ̀ lẹ wá gbà. Ẹni tó fi orúkọ òyìnbó yọ lójijì láti Èkó, tó ń béèrè agboolé bàbá bàbá rẹ̀, kí lẹ̀yin náà máa rò? Ẹ kọ́kọ́ bá baálé nìkan sọ̀rọ̀, ẹ mú obì dání, ẹ mú fọ́tòkọ́pì ewé Bíbélì náà lọ, kí ojúlówó rẹ̀ dúró nílé. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó jókòó pé ẹ ò bá ti ilẹ̀ wá. Ẹ má sọ orúkọ tí ẹ ń wá fún wọn ní tààrà. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà sọ ìtàn ọmọ wọn tí ogun kó lọ, kí ẹ máa gbọ́ bóyá orúkọ tó wà lọ́wọ́ yín á ti ẹnu wọn jáde. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ, gbogbo agboolé ló máa rántí i lójú ẹsẹ̀.

Ní báyìí, ohun mẹ́ta ni mo ń retí lọ́wọ́ yín: fọ́tò ewé Bíbélì yẹn tí ẹ yà lójú oòrùn, orúkọ ilé tí wọ́n ń pe bàbá àgbà, àti ìdáhùn màmá lórí ẹni tí ìyá wọn ń kì ní Ìyẹ̀rú Ọ̀kín. Ọjọ́ wo lẹ máa lọ rí wọn?